Ìka Mẹ́wàá Tí Ẹ̀rọ Kò Rí

Ẹ̀rọ kan wà ní ọ́fíìsì ṣẹ́rífù, ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò wa, tó ní èmi kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn sábẹ́ aṣọ, á gbé ìka lé dígí rẹ̀, ẹ̀rọ á ya ìlà ọwọ́ onítọ̀hún, á fi ránṣẹ́ sí olú-ìlú, wọn á sì wò ó bóyá ó ti jalè rí tàbí ó ti ṣe ènìyàn léṣe. Mo gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé e. Kò rí nǹkan kan.

"Mísì Verlene, wọ́n tún ti dá a padà," ni Lorna, akọ̀wé tó wà nídìí ẹ̀rọ náà, wí. Ọmọ dáadáa ni Lorna, mo mọ ìyá rẹ̀. "Wọ́n láwọn ò rí ìlà kankan lọ́wọ́ yín."

"Kí wọ́n lọ bi akàn," ni mo wí. "Akàn ló jẹ ẹ́."

Ọdún mọ́kànlélógójì ni èmi Verlene Cottman ti ń yọ ẹran akàn nílé iṣẹ́ tó wà ní Cobb's Neck. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kò sì tíì sí obìnrin tó yára jù mí lọ nídìí tábìlì yẹn. Omi iyọ̀ nìyí, ìkarahun nìyí, ọ̀bẹ kékeré nìyí, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ìka mi ti dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ẹni tó bá fẹ́ rí ìlà ọwọ́ rẹpẹtẹ, kó lọ wá a lọ́wọ́ àwọn tí kò ṣiṣẹ́ rí.

Ẹ má sì rò pé mo fẹ́ fi ìbọn ṣe fáàrí o. Ìbọn gígùn tí ọkọ mi Ellsworth fi sílẹ̀ kó tó kú wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, òfin kò sì bá mi wí nítorí rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ti wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n máìlì mẹ́ta ni láti ilé mi dé ibi iṣẹ́. Ẹrẹ̀ àti koríko ni lọ́tùn-ún lósì, ẹnikẹ́ni ò kọ́lé síbẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn ni Royce Tull ti ń dúró dè mí.

Royce yìí, ọmọ ọdún méjìdínlógójì, akàn lòun náà ń pa jẹun. Mo ní ìgèrè onírin mẹ́fà nínú omi lẹ́yìn ilé mi. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹfà, mo rí i kedere nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó ń da akàn inú ìgèrè mi sínú apẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Mo pe àwọn ọlọ́pàá orí omi. Wọ́n gba ìwé ìpẹja rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún odidi ọdún kan. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ sétí ọ̀nà mi, á jókòó sínú rẹ̀, á máa wò mí. Lọ́jọ́ kan ló wá la ẹnu.

"Ìyá àgbà," ló wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín, "omi ibí yìí jìn o. Ẹni tó bá já sínú ẹ̀, akàn ló máa kọ́kọ́ rí i."

Mo lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn lọ́dọ̀ ṣẹ́rífù. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé kò dárúkọ mi. Háà! Ta ló tún ń gba ọ̀nà yẹn kọjá yàtọ̀ sí èmi?

Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Èmi náà pinnu pé mo máa ṣọ́ tèmi. Mo lọ sí kíláàsì ìbọn fún ọjọ́ méjì gbáko. Mo yin ìbọn ìléwọ́ níwájú olùkọ́, ó sì ní ọwọ́ mi balẹ̀ ju ti gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ lọ. Gbogbo ètò pé, ó wá ku ìka. Bàbá mi náà tọrọ ìwé àṣẹ yìí lẹ́ẹ̀mẹta láyé ìgbà tí ṣẹ́rífù fúnra rẹ̀ ń yan ẹni tó bá wù ú. Wọ́n ní ìwà rẹ̀ kò tíì dára tó. Díákónì ni bàbá mi o! Àwọ̀ dúdú ara rẹ̀ ni ìwà tí wọ́n ń wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ìwé náà, kí orúkọ Cottman tí bàbá mi fún mi wà lórí rẹ̀ gàdàgbà.

Royce náà sì ti tọrọ ìwé yìí rí. Ìka tiẹ̀ hàn kedere, bẹ́ẹ̀ ló sì hàn pé ó ti fi àjẹ̀ la orí ọkùnrin kan nílé ọtí. Wọn ò fún un ní ìwé náà. Òfin kan náà ló dí èmi àti ẹni tó fẹ́ pa mí lọ́nà.

Bí ọ̀rọ̀ mi ṣe dé etí Aṣòfin Whitcomb, n ò mọ̀. Ó wá sí ilé iṣẹ́ wa pẹ̀lú bàtà tó ń dán, ó ń gbọn omi akàn kúrò lára ṣòkòtò. Ó ní àbádòfin kan lọ́wọ́: ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, kó máa gbé ìbọn rẹ̀ lọ síbi tó bá wù ú, láìgba ìwé àṣẹ kankan mọ́.

"Mísì Verlene, ẹ̀yin ni mò ń wá kiri," ló wí. "Ẹ wá sọ tẹnu yín níwájú ìgbìmọ̀. Ta ló máa gbọ́ tiyín tí àánú ò ní ṣe?"

"Royce Tull ńkọ́?"

"Ta ni Royce Tull?"

"Ẹni tó fẹ́ sọ mí fún akàn jẹ. Tẹ́ ẹ bá mú ìwé àṣẹ kúrò, òun náà á gbé tiẹ̀. Ṣé ẹ ò kàn lè tún ti ìka yìí ṣe? Gbólóhùn kan péré ni: ẹni tí iṣẹ́ bá ti jẹ ìlà ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí ṣèwádìí rẹ̀."

"A máa wò ó, a máa wò ó," ló wí. Ó gbọ̀n mí lọ́wọ́, ó sì lọ.

Mo gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú tí ìgbìmọ̀ jókòó, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo wa ọkọ̀ fún wákàtí méjì. Wọ́n fún mi ní káàdì kan lẹ́nu ọ̀nà pé kí n fàmì sí i bóyá mo fara mọ́ àbádòfin náà tàbí n ò fara mọ́ ọn. N ò fàmì sí ìkankan.

"Ẹ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, mà," ni akọ̀wé wí.

"Ẹnu mi ni mo mú wá."

Whitcomb bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo bi í níbo ni gbólóhùn ti ìka wà. Ó wò mí bí ìgbà tí ọmọdé béèrè ohun tí kò ṣeé ṣe.

"Mísì Verlene, ẹ rò ó wò. Tí mo bá tún ti ìka ṣe, kí ni mo tún fẹ́ fi hàn wọ́n? Ẹ̀yin gan-an ni ojú àbádòfin mi."

Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Gbogbo oṣù tí mo fi ń gba ọ̀nà yẹn kọjá tẹ̀rùtẹ̀rù, ọkùnrin yìí mọ ohun tó lè gbà mí là, ó sì fi í pamọ́ sápò nítorí pé ìyà mi wúlò fún un!

Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ń fún ènìyàn. Iná aláwọ̀ ewé ni pé kó o bẹ̀rẹ̀, pupa ni pé kó o panu mọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ jẹ́ mọ́kànlá. Mo fa máíkì mọ́ra.

"Orúkọ mi ni Verlene Cottman," ni mo wí. "Àwọn kan nínú yín fẹ́ kí n sọ pé kẹ́ ẹ ya ìwé àṣẹ dànù. N ò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí n sọ pé kò yẹ kí obìnrin bíi tèmi gbé ìbọn. N ò sọ ìyẹn náà, torí ẹni tó ń sọ ọ́ kì í gba ọ̀nà mi relé. Ọkùnrin kan fẹ́ pa mí. Ìwé yín ló dá a dúró, torí ó la orí ènìyàn. Ìwé yín náà ló dá èmi dúró, torí mo ṣiṣẹ́. Ṣé òun àti èmi dọ́gba lójú yín?"

 Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n rí i.

"Gbólóhùn kan ló máa tún un ṣe. Aṣòfin Whitcomb mọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín níbẹ̀ yẹn pé tóun bá tún un ṣe, òun ò ní rí ojú fún àbádòfin òun mọ́. Ojú mi rèé! Kì í ṣe ọjà."

Ojú Whitcomb pọ́n bí akàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi gbígbóná. Obìnrin aṣòfin kan tó ń bá a ṣọ̀tá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi, mísì," ni mo wí. "Ọdún méjìlá lẹ ti wà lórí àga yẹn. Ṣé ẹ̀yin náà ò mọ gbólóhùn kan kọ ni?"

Iná pupa tàn. Alága ní, "Mà, àsìkò yín ti tó."

"Mo rí i. Ọgọ́ta ọdún ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ìdílé mi." Mo parí ọ̀rọ̀ mi kí n tó dìde.

Ẹni mẹ́fà kọ àbádòfin náà, ẹni márùn-ún gbà á. Ó ṣubú. Ti ìka ńkọ́? Wọ́n ní ó di ìjókòó ọdún tó ń bọ̀.

Whitcomb sáré bá mi níbi tí mo gbé ọkọ̀ sí. "Ọwọ́ yín lẹ fi ba tiyín jẹ́," ló wí. "Ọwọ́ òfo lẹ gbé ń lọ sílé."

"Ọwọ́ òfo yìí, tèmi ni," ni mo wí, mo sì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ ọn lójú.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí lójú ọ̀nà. Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí mo ya sí ọ̀nà ilé mi. Ọkọ̀ akẹ́rù Royce wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń tẹ iná mọ́ ọkọ̀ ni, kí n sáré kọjá. Lọ́jọ́ yẹn, mo dúró. Mo gbé ọkọ̀ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, mo sì yí gíláàsì sílẹ̀.

Ẹnu yà á. "Mo rí ẹ lórí fóònù," ló wí. Kò tiẹ̀ pè mí ní mísì. "O ń pariwo níwájú àwọn aṣòfin."

"Ṣé o wò ó dé ìparí?"

 Ojú rẹ̀ lọ síbi ọwọ́ ọ̀tún mi, tó wà nínú báàgì lórí itan mi.

"Wọ́n fún ẹ ní ìwé yẹn?"

"Ìwé kí ni, Royce? Ìwé àtigbé ìbọn sábẹ́ aṣọ? Sábẹ́ aṣọ ni wọ́n ní. Wọn ò ní kí n máa fi han ènìyàn kiri."

"O ò ní nǹkan kan níbẹ̀."

"Bóyá n ò ní. Sọ̀kalẹ̀ wá wò ó."

Ó wo báàgì náà. Ó wo ojú mi, tí n kò ṣẹ́. Ó tún wo báàgì.  Ó ṣáná sí ọkọ̀ rẹ̀, ó yí i padà lórí ẹrẹ̀, ó sì lọ láìwẹ̀yìn.

Búrẹ́dì tí mo fi ẹyin sí láàárín ni mo dì mú nínú báàgì yẹn. Mo ti fún un pọ̀ títí ó fi rún. Mo yọ ọ́ jáde, mo sì jẹ ẹ́ tán níbẹ̀, láàárín ọ̀nà mi. N ò sì yí gíláàsì padà sókè.