Ọkùnrin Tó Gbé Ìyàwó Rẹ̀ Wọlé

Sàláúdéènì fúnra rẹ̀ ló gbé Mùínàt ìyàwó rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn kan ní Igbó-Ọrà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò jẹ́ kí àwọn tó fi mọ́tò gbé wọn wá bá a fọwọ́ kàn án. Itan Mùínàt ti kán, egungun ti yọ síta, igbe rẹ̀ sì ti kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní nǹkan kan ò ṣe òun, kí wọ́n ṣáà bá òun tọ́jú ìyàwó òun, Ìyá Rùkáyyàh.

Keturah ni wọ́n ní kó lọ wẹ ojú ọgbẹ́ tó wà ní ìgúnpá Sàláúdéènì. Ọmọ tíṣà kan ní Èrúwà ni Keturah, akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì tí wọ́n rán wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Bó ti ń fi òwú nu ẹ̀jẹ̀ ló ń bi í bó ṣe ṣẹlẹ̀. Sàláúdéènì ní Tápà làwọn ti ń bọ̀ lórí ọ̀kadà òun. Lọ́rì ẹ̀gẹ́ kan bàjẹ́ sójú títì, wọn ò já ewé sẹ́yìn rẹ̀ kéèyàn lè rí i láti òkèèrè. Kí òun tó tẹ bíréèkì, ọ̀kadà ti wọ ìdí lọ́rì. Mùínàt fò kọjá lórí òun, ó lọ balẹ̀ sétí títì. Òun ò fò ní tòun, háńdù ọ̀kadà ló dá òun dúró.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú ọwọ́ Keturah dúró. Dókítà Fọlábí, ọ̀gá wọn, máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó ń ké jù kọ́ ló ń kú lọ. Ó ní kí wọ́n máa béèrè ohun tó gbá èèyàn, àti ibi tí agbára rẹ̀ wọlé sí lára. Bí ọ̀kadà bá dúró lójijì, ẹni tó gùn ún kò tíì dúró. Bí nǹkan bá sì dá ẹni náà dúró, ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ ṣì ń sáré lọ, títí yóò fi já tàbí kó fọ́.

Keturah ní kí Sàláúdéènì ká ẹ̀wù sókè. Àpá pupa róbótó kan wà lábẹ́ ìhà òsì, kò tóbi ju ìdí agolo mílíìkì lọ, ara ibẹ̀ ò sì bó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ibòmíràn ń dùn yín?"

"Èjìká òsì yìí ni. N ò sì fi í lulẹ̀."

Wọ́n ti kọ́ Keturah pé ẹ̀jẹ̀ tó bá ń dà sínú ikùn lè mú kí èjìká máa dun èèyàn. Ara ọkùnrin náà tutù, òógùn bò ó, iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń lù kìkìkì. Keturah sáré pe dókítà. Fọlábí tẹ ikùn náà, ó ti ń le. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú, iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè dá a dúró, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti lè ṣe é.

Sàláúdéènì kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní fi ìyàwó òun sílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ò ràn án, wọ́n ní láti di igi mọ́ ẹsẹ̀ Mùínàt kí wọ́n tó gbé àwọn méjèèjì sínú mọ́tò kan náà. Nígbà tí wọ́n kọjá Èrúwà, ó béèrè omi. Lẹ́yìn náà ó ń sọ̀rọ̀ oko tí kò yé ẹnikẹ́ni, títí kò fi mí mọ́. Keturah ń tẹ àyà rẹ̀ títí ọwọ́ fi kú mọ́ ọn lára. Ìgbà tí wọ́n dé Ìbàdàn, àwọn dókítà ní ó ti kú.

Ojú Mùínàt ló ti ṣẹlẹ̀. Ó di ọwọ́ Keturah mú.

"Ó gbé mi. Ẹ̀yin náà rí i. Àbí èmi ni mo wúwo pa á?"

Keturah mọ̀ pé háńdù ló fọ́ ọ nínú. Ṣùgbọ́n bóyá ìgbà tó gbé e ni ojú ibẹ̀ ya sí i, ìyẹn ò yé e, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n.

"Háńdù ló pa á, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ikùn rẹ̀ ti fọ́ nínú kó tó fọwọ́ kàn yín."

Mùínàt wo ojú rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n bá òun pe ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ní Tápà, kí wọ́n lè wá gbé e lọ sin kílẹ̀ tó ṣú.