Ẹkún Inú Ọkọ̀ Tíṣà

"Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín," ni àbúrò Tíṣà wí, ó sì tẹ tọ́tù.

Mo gbọ́ ọ. Ohùn tínrín kan jáde látinú sípíkà ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń gòkè bí ẹ́ńjìnnì ti ń gòkè. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ohùn náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ti sunkún títí tó wá ń wá oorun. Kì í ṣe orin o. Ó ti yí rédíò wálẹ̀ pátápátá.

"Bó ṣe ń kérora nìyẹn lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù," ló wí. "Ohùn bọ̀dá mi nìyẹn, Ọ̀gá Rewáyà. Èmi ni mo jókòó tì í."

Mo ní kó pa ọkọ̀. Òógùn ti bo iwájú orí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò tíì mú. Ká sòótọ́, kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà. Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ti lọ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ opó, lójú àwọn ọmọ, ó ní ọkọ̀ ẹbí ni. Ọkọ̀ yìí sì ni obìnrin náà fi ń kó àwọn ọmọ àdúgbò lọ sílé-ìwé láràárọ̀, òun ló fi ń bọ́ ọmọ méjì. Láti ọjọ́ náà, aṣọ ló ń fọ̀ fún aláṣọ. Mo máa ń rí i tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí. Á kí mi, màá dáhùn, màá sì tún dorí kọ iṣẹ́ mi.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe àjèjì sí mi. Èmi ni mo so anpilifáyà rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún orin lágbára, nígbà ayé Tíṣà. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ṣe é. Mo ha ọ̀dà ara irin títí irin fi ń dán kí n tó de wáyà áàtì mọ́ ọn, nítorí áàtì ló ń dá iná padà sára ọkọ̀. Bí kò bá rí irin gidi dì mú, ariwo ni yóò máa fi ṣe, bó bá sì burú tán, iná yóò sọ. Mo fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, kò jìnnà ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Tíṣà jókòó tì mí, ó ń bi mí ní ìbéèrè bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Nígbà tí mo ṣí búùtù, mo rí ohun tó ń sunkún. Àbúrò ti tú iṣẹ́ mi ká. Ó ti ju anpilifáyà Tíṣà nù, ó gbé èyí tó tóbi tó ìlọ́po méjì rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá a so ó fi súkúrúù kan ṣoṣo de áàtì mọ́ orí ọ̀dà, ibẹ̀ sì ti jó dúdú. Wáyà ńlá tó ti bátìrì wá gba inú ihò irin kọjá láìní rọ́bà, ara rẹ̀ ti ń bó. Fíúsì kò sí rárá. Gbogbo ohun tó ń bà á lẹ́rù, ọ̀kánjúwà ẹ̀ ló gbé e wá, kì í ṣe òkú. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un. Mo ti la ẹnu.

"Bó bá jẹ́ torí ọkọ̀ yìí ló ṣe ń sunkún," ló wí, "màá gbé e padà fún ìyàwó ẹ̀. Mi ò lè bá òkú jà."

Mo pa ẹnu mi dé. Mo ní kó fi ọkọ̀ sílẹ̀, kó padà wá lọ́sàn-án.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fi ewu sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Mo ha ọ̀dà, mo fi nọ́ọ̀tì tuntun de áàtì pinpin, mo fi rọ́bà sí ẹnu ihò, mo fi fíúsì sí ààyè rẹ̀. Mo tan ọkọ̀, mo tẹ tọ́tù. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Iṣẹ́ náà ti parí, ọmọlúàbí ènìyàn ì bá sì fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń gbé orin láti inú rédíò lọ sẹ́yìn. Gbogbo rewáyà ló mọ̀ pé òun àti wáyà ńlá kì í jọ rìn, kí ariwo ẹ́ńjìnnì inú wáyà ńlá má baà wọ inú orin. Bí ọ̀kan bá gba ọ̀tún, èkejì a gba òsì. Mo gbé e lé wáyà ńlá lórí, mo dì wọ́n pọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo sì da kápẹ́ẹ̀tì bò ó. Mo tún tẹ tọ́tù. Ó sunkún. Kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, etí nìkan ló lè dá lágara. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo tilẹ̀ fi ẹ̀rín kí ara mi kú iṣẹ́.

Nígbà tí àbúrò dé, mo fi gbogbo ohun tí mo tún ṣe hàn án. Ó tẹ tọ́tù, ẹkún gba inú ọkọ̀, ó yíjú sí mi.

"Ibi tí ọwọ́ mi mọ nìyẹn," ni mo wí. "Èyí tó kù, kì í ṣe ti wáyà."

Mo retí pé màá rí opó náà nínú ọkọ̀ ẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mi, kì í ṣe èyí tí mò ń retí. Àbúrò ti gbé ọkọ̀ lọ sílé ẹbí, ó jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, tí wọ́n ń pè ní Olórí-Ẹbí, ló ṣàlàyé. Ó ní òkú kì í sunkún nítorí ọkọ̀, kí ni òkú fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe? Ẹni tó pa á ni òkú náà ń fi ẹkún tọ́ka sí, ìyẹn ìyàwó ẹ̀. Wọ́n lọ sí yàrá opó, nínú ilé ẹbí kan náà, wọ́n kó ẹrù ẹ̀ síta. Wọ́n ní kó máa lọ, àmọ́ kó fi àwọn ọmọ sílẹ̀, nítorí ọmọ kì í ṣe ti àlejò.

Mo mú sípánà àti ọ̀bẹ, mo lọ bá wọn.

Mo pe gbogbo wọn jáde síbi tí ọkọ̀ wà. Mo jẹ́wọ́. Mo sọ ti súkúrúù orí ọ̀dà, mo sọ ti wáyà méjì tí mo dì pọ̀, mo sọ irọ́ tí mo pa. Ojú ń tì mí débi pé mò ń sọ̀rọ̀, mò ń ká kápẹ́ẹ̀tì, mò ń gé ìdè, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo ní kí àbúrò tẹ tọ́tù. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ dákẹ́ débi pé a ń gbọ́ ọmọ Tíṣà kékeré tó ń sunkún nínú ilé, tí ẹnikẹ́ni kò sì dá a lóhùn.

"Ẹ ti rí i," ni mo wí. "Wáyà ni. Obìnrin yẹn ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀."

Olórí-Ẹbí gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀, ó ń rò ó. Ó wá bi àbúrò bóyá ó ti gbé ọkọ̀ náà jáde láti ìgbà tí opó ti lọ. Àbúrò ní rárá, láti àná, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Ìyàwó lọ lánàá," ni Olórí-Ẹbí wí. "Ó dákẹ́ lónìí. Kí lẹ tún ń wá?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ àṣìṣe mi. Rewáyà tó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ jẹ́ kí oníbàárà gbọ́ àìsàn ọkọ̀, kó tó gbọ́ ìwòsàn ẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣe pàtàkì jù, ìtìjú kò jẹ́ kí n rántí. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n di wáyà méjèèjì pọ̀ padà, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, wọn á gbọ́ ọ, màá tún tú u lójú wọn. Mo na ọwọ́ sí wáyà. Olórí-Ẹbí di ọrùn ọwọ́ mi mú, kò tilẹ̀ bínú.

"O fẹ́ mú ẹkún náà padà wá bá wa?"

Mo wo àbúrò. Òun lẹni tó mọ súkúrúù tí mò ń wí, òun ló jókòó tì í nígbà tí wọ́n ń de é. Ó gbójú kúrò. Ó ní àgbà bí Olórí-Ẹbí kì í purọ́. Olórí-Ẹbí bọ̀ mí lọ́wọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní Ọlọ́run ló lo ọwọ́ mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò ti ń sọ ọ́ pé rewáyà fúnra ẹ̀ yẹ ọkọ̀ wò, ó sì rí i pé ìyàwó ló ń fa ẹkún.

Ní ọjọ́ kejì, opó náà wá bá mi. Mo ti múra ohun tí màá sọ, mo ti kó gbogbo ẹ̀bẹ̀ jọ. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Kò béèrè wáyà, kò béèrè ọkọ̀, kò béèrè ìdí tí orúkọ mi fi wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní wọn kì í jẹ́ kí òun dé ẹnu ọ̀nà.

"Bọ̀dá Rewáyà, ẹ dé inú ilé lánàá. Ṣé ẹ rí àwọn ọmọ mi?"

Mo ní mi ò wọlé, àmọ́ wọ́n wà níbẹ̀.

Ó bi mí bóyá wọ́n ń sunkún. Mo wò ó lójú, mo ní wọn ò sunkún.