Ìka Méjì Nínú Ojú Ìrán

Obìnrin kan wà tó jẹ́ aránṣọ; òfin tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ níṣẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: fi aṣọ tó fẹ̀ tó ìka méjì pamọ́ sínú gbogbo ojú ìrán, níbi tí a ti rán aṣọ pọ̀. Ara ènìyàn kì í dúró sójú kan. Ẹni tó rù lónìí lè sanra lọ́la, aránṣọ á kàn tú aṣọ, á tún un rán. Ọdún méjìlá ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo oníbàárà, títí kan olùkọ́ kan tó máa ń fajú ro bí wọ́n bá ní ó ti sanra díẹ̀.

Aṣọ ẹnì kan péré ló gé ìka méjì náà dànù lára rẹ̀, ẹni yẹn ló sì fẹ́ràn jù láyé.

Kùrukùru ni aránṣọ ń pè é, nítorí inú kùrukùru orí òkè ló ti jáde wá. Aago ló ń tún ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì fara ti ti aránṣọ. Láwọn ọjọ́ kan á jí ní ọkùnrin, pẹ̀lú èjìká gbòòrò àti irùngbọ̀n; láwọn ọjọ́ mìíràn á jí ní obìnrin, pẹ̀lú àyà àti ìbàdí tó kún. Ará àdúgbò gbà pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, wọ́n sì ń yìn wọ́n pé wọn kì í bára wọn jà. Aránṣọ nìkan ló mọ̀. Téèpù rẹ̀ ti wọn ara méjèèjì, ọmọńdinrín ọwọ́ òsì tó tẹ̀ díẹ̀ kò sì yí padà rí. Èyí tó bá kanlẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀, òun náà ló fẹ́.

Kùrukùru ti kìlọ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé, "Níbi tó bá ti fún mi jù, mi ò ní í mọ ìgbà tí màá tú ká. Kì í ṣe ìbínú. Bí wọ́n ṣe dá wa nìyẹn."

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo ọkọ ọmọ òun, àyà aránṣọ já. Ó gé aṣọ ìgbéyàwó Kùrukùru mọ́ ara ọkùnrin, ó sì gé ojú ìrán rẹ̀ kù tín-ín-rín. Ó ní kó lè dúró dáadáa lára ni. Ara rẹ̀ ló ń tàn. Ohun tó fẹ́ ni pé kí Kùrukùru má yí padà lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ pé, Kùrukùru kanlẹ̀kùn ní obìnrin. Àwọn méjèèjì fipá wọ aṣọ náà sí i lọ́rùn.

"Ó fún mi," ni Kùrukùru wí. Orí ìka rẹ̀ ti ń ṣá, aránṣọ sì ń rí tábìlì gba inú wọn kọjá. Ó sáré yí inú aṣọ síta kó lè tú u, ọwọ́ rẹ̀ ò bá nǹkan kan.

"O gé e."

"Mo gé e. Ẹ̀rù ìyá mi ló bà mí."

"Ṣé kí n sọ fún un pé àbúrò ọkọ ni mí?" Ohùn Kùrukùru ti fẹ́lẹ́.

Ó kù díẹ̀ kí aránṣọ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ sì wọlé.

"Ọkọ wa dà?"

"Òun nìyí, Màámi. Ọkùnrin ni nígbà mìíràn, obìnrin ni lónìí. Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn. Bí a ò bá sì bọ́ aṣọ yìí lára rẹ̀, ó ń lọ nìyẹn."

Ìyá wo ojú Kùrukùru, ó wo ọwọ́ tó ń ṣá. Lẹ́yìn náà ló fi ìka yí ẹ̀gbẹ́ aṣọ wò, ojú rẹ̀ sì le.

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi ni mo ní kí o gé aṣọ mọ́ ènìyàn lára báyìí?" Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó wá ìgò ojú rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tú aṣọ ìgbéyàwó bàbá rẹ kó tó kú. Ó sanra, mo tú u. Àìsàn mú un gbẹ, mo tún tú u. Mi ò sọ fún un rí pé kó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Aránṣọ bú sẹ́kún. Ó fa aṣọ ìyàwó tirẹ̀ yọ, aṣọ kan náà ni, ó sì gé ìṣẹ́tí rẹ̀ nísàlẹ̀ kúrò, ó gé e fẹ̀ dáadáa.

"Orúnkún rẹ á rí ìta," ni ìyá wí, ó ti bọ́ aṣọ lára Kùrukùru, ó ti jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó fi èyí tí ọmọ rẹ̀ gé náà kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì fi ìka méjì sílẹ̀ nínú rẹ̀. Kùrukùru tún un wọ̀, ó mí kanlẹ̀. Àwọn ìka rẹ̀ padà wá, ọmọńdinrín tó tẹ̀ ló gbẹ̀yìn.

Ìyá na ọwọ́ gba téèpù, ó kọjú sí Kùrukùru. "Ọmọ mi, na apá. Ìwọ aránṣọ, lọ mú ìwé tí o kọ ìwọ̀n ara ọkùnrin rẹ̀ sí wá. Èmi kì í ránṣọ fún ẹni tí mi ò mọ̀ tán."