Ẹ̀kúnwọ́ Yẹ̀pẹ̀ Kan Nínú Ilé Gíláàsì

Àlá kan ni mo lá lóru àná, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín kí tíì yín tó tutù. Mi ò ní kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún mi o.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti sin ìyá mi ní Ìgbájọ, tí ìwé ìgbélùú tí mi ò tíì rí gbà níbí kò jẹ́ kí n lọ. Àbúrò mi, Adégbìtẹ́, ló bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè lórúkọ mi. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìyá mi bí méjì, ẹnìkan ló sin ín. Ó ń dùn mí.

Nínú àlá náà, yìnyín bo gbogbo ìlú yìí. Mo wọ ilé gíláàsì ńlá inú ọgbà, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ mú ara igi ilẹ̀ wa móoru. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó da ìborùn bo èjìká.

"Ṣé Àlàní ni?"

"Èmi ni, mà." Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, nítorí ó jù mí lọ.

"O pẹ́. Ìyá rẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, wọn ò tíì bò ó. Ìwọ ni wọ́n ń dúró dè, aago mẹ́rin ni wọ́n sì ń tilẹ̀kùn."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bu yẹ̀pẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ kóòtù pè mí láti inú ọ́fíìsì rẹ̀. Ọ́fíìsì náà kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ó ń léfòó láàárín imọ̀ ọ̀pẹ, tòun ti tábìlì àti fáìlì. Kò yà mí lẹ́nu. Gbogbo ọ́fíìsì tí mo ti ń lọ láti ọdún méjì, ọwọ́ mi ò tó ọ̀kan níbẹ̀.

"Yẹ̀pẹ̀ ìjọba nìyẹn. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó pọ̀ tó?"

"Ẹ̀kúnwọ́ kan péré, sà. Mo fẹ́ fi sin ìyá mi ni."

Ó ju fọ́ọ̀mù kan sí mi. "Kí olóògbé fọwọ́ sí i."

Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni lójú mi. Mo gbé e lọ bá Màámi. Inú ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ láàárín ata ilẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, ó wọ aṣọ òkè rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn.

"Ṣé o ti jẹun?" ló kọ́kọ́ bi mí.

"Mo ti jẹun, mà. Wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí i."

Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Àbúrò rẹ bù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó ní tìẹ lèkejì. Mi ò bá a jiyàn. Àmọ́ mo mọ ọwọ́ ọmọ mi."

Mo gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí n tó padà dé ọ́fíìsì, ọ̀gbẹ́ni náà ti di òbúkọ, kóòtù ṣì wà lára rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì na fọ́ọ̀mù sí i. Ó jẹ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi tí Màámi tẹ̀ ló jẹ kẹ́yìn.

"Ṣé ó ti parí nìyẹn, sà?"

"Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé."

Wọ́n lu agogo. Mo bu yẹ̀pẹ̀ náà láìgba àṣẹ, mo sá wọ àárín igi. Ọ̀nà kò tán. Wọ́n ń pa iná lọ́kọ̀ọ̀kan, yẹ̀pẹ̀ ń jò láàárín ìka mi. Màámi pè mí láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún.

"Àlàní, òtútù ti ń mú mi. Ṣé o ń bọ̀?"

"Mò ń bọ̀, mà."

Ariwo ọkọ̀ ló jí mi. Ọkọ̀ tó ń da iyanrìn sójú títì ni, kí yìnyín má baà gbé èèyàn ṣubú. Ó ń dà á láti ìkángun kan dé ìkejì, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo dúró níbẹ̀ títí ọwọ́ mi fi kú, mi ò rí ibi tí màá dà á sí.