Bí Atẹ̀wé Ṣe Fi Rúlà Ra Mẹ́mọ́rì

Ọdún kẹrin rèé tí Atẹ̀wé ti ń bínú sí àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń ta kọ̀ǹpútà, ìbínú náà sì ti dàgbà dé ibi tó ti lè dá rìn. Ohun tó fà á kò pọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan ni ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀, ó wo kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe gbé àpótí yìí fún àwọn tó ń ra irin?" Oníbàárà mẹ́ta ló wà níjokòó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Atẹ̀wé kò bá a sọ ju "káàárọ̀" lọ.

Ìyẹn ni kò fi lè ra kọ̀ǹpútà tuntun nígbà tí èyí bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bó bá tan án láàárọ̀, á fọ ẹnu, á jẹun, á ka ìwé ìròyìn tán kó tó ṣí. Ọ̀sẹ̀ yìí ló wá burú jù. Ìbéèrè ìdánwò odindi iléèwé kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kíláàsì mẹ́fà, ọ̀gá iléèwé náà kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Àárọ̀ Ẹtì ni mo fẹ́ gbà á," obìnrin náà wí. "Tí kò bá tíì ṣe tán, Baba, ẹ má bínú, ibòmíì ni màá máa gbé e lọ."

Ọdún mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ iléèwé yìí ti ń bọ́ ilé Atẹ̀wé. Bó bá lọ, káàdì ìkíni ló kù tí yóò máa tẹ̀, àwọn èèyàn kò sì kí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní Ọjọ́rú, kọ̀ǹpútà dúró gbagidi sórí ìṣirò kíláàsì kẹta.

"Ẹ jẹ́ kí n pe àbúrò mi," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Pè é ṣe kí ni? Mẹ́mọ́rì rẹ̀ ló kéré, màá fi òmíràn sí i. Tí bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì mi bá já, ṣé ṣẹ́ẹ̀tì tuntun lo máa ń rà fún mi?"

"Rárá, àmọ́ ẹ kì í fúnra yín rán bọ́tìnì náà."

Atẹ̀wé fa irinṣẹ́ jáde. Ó tú kọ̀ǹpútà, ó gbọn eruku tó tó ẹ̀kún abọ́ kúrò, ó yọ mẹ́mọ́rì, pátákó pẹlẹbẹ tó ń bá kọ̀ǹpútà rántí nǹkan, jáde. Kàkà kó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó nawọ́ mú rúlà onírin rẹ̀. Ogún ọdún ló ti ń fi rúlà yìí jẹun. Káàdì ni, ìwé ni, àpò ìwé ni, òun ló ń sọ ohun tó máa bá ohun mu, kò sì purọ́ fún un rí. Ó wọn gígùn, ó wọn ìbú, ó kọ méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, ó ki rúlà bọ àpò, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà létí títì lọ.

"Irú wo lẹ fẹ́, Baba?" ọlọ́jà bi í.

"Sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlá àti díẹ̀."

Ọlọ́jà wò ó, ó wo rúlà. "Mi ò béèrè gígùn rẹ̀, Baba. Irú rẹ̀ ni mò ń béèrè."

"Irú èyí tó gùn tó báyìí ni."

Ọlọ́jà kò fẹ́ ìjà. Ó tà á fún un.

Nílé, gígùn dọ́gba, ìbú dọ́gba, ṣùgbọ́n mẹ́mọ́rì kò wọlé. Ó tì í, ó bẹ̀ ẹ́, ó sọ̀rọ̀ burúkú sí i. Ìgbà tó kó tàtijọ́ àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ló tó rí i pé ibi gígé kékeré kan wà létí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí ti èkíní wà kọ́ ni ti èkejì wà. Rúlà kò purọ́. Ẹni tó mú un dání ni kò mọ ohun tó yẹ kó bi í.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Atẹ̀wé gbé ìbínú ọdún mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé iṣẹ́ iléèwé sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ojú sì tì í pé ó ní láti ronú kó tó mọ èyí tó wúwo. Ó gbé kọ̀ǹpútà lé èjìká, ó ń gba ẹ̀yìn ilé onílé kí wọ́n má baà rí i, títí ó fi dé ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀." Ọkùnrin náà dìde gba ẹrù.

Atẹ̀wé ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọ̀nà. "Àpótí tó o ní kí n gbé fún àwọn tó ń ra irin nìyí."

"Èmi? Nígbà wo?"

"Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, lọ́jọ́ Sátidé. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé lo wọ̀."

Ọkùnrin náà ronú títí. "Mi ò rántí o. Ṣé torí ẹ̀ lẹ kì í fi í bá mi sọ̀rọ̀? Èmi rò pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe rí ni. Mo tiẹ̀ máa ń yìn yín fáwọn èèyàn pé àna mi kì í sọ ìsọkúsọ."

Inú Atẹ̀wé bàjẹ́ díẹ̀. Ìbínú tó ti ń tọ́ láti ọdún mẹ́rin, ẹni tó tìtorí rẹ̀ tọ́ ọ kò tiẹ̀ gbọ́ pé wọ́n bí i. Ó rò ó bóyá kó tún bínú lórí ìyẹn, àmọ́ ọ̀la ni Ẹtì.

Ọkùnrin náà ti tú kọ̀ǹpútà. Ó wo mẹ́mọ́rì méjèèjì, ó wo rúlà tó yọrí lápò Atẹ̀wé, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

"Rẹ́rìn-ín tó o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín."

"Ikọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó fi èyí tó bá a mu sí i. Kọ̀ǹpútà ṣí kí Atẹ̀wé tó rí àga fà.

Láàárọ̀ Ẹtì, ọ̀gá iléèwé gba ìdì mẹ́fà, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kó máa retí ti sáà tó ń bọ̀. Bí Atẹ̀wé ṣe ń darí bọ̀, ó yà ní ṣọ́ọ̀bù àna rẹ̀. Ọpẹ́ ló fẹ́ dá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Kọ̀ǹpútà yẹn ń gbóná díẹ̀," ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Màá yà wò ó lọ́la, Ẹ̀gbọ́n."

"Hẹn," Atẹ̀wé wí, ó ti ń lọ. "Tó o bá ń bọ̀, má jẹun wá."