Oorun Nínú Yàrá Àyẹ̀wò

Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni obìnrin náà fi fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ní ọsibítù kó tó pinnu pé òun náà á di nọ́ọ̀sì. Ó ti lé lọ́mọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Màmá Kíláàsì ni àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, kò sì bínú. Àgbà tó bá ọmọdé jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ti mọ ohun tójú òun máa rí.

Lọ́jọ́ ọ̀hún, láti ibi iṣẹ́ òru, níbi tó ṣì ti ń fọ ilẹ̀, ló ti gba yàrá àyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ. Kò fojú kan ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nínú bàtà.

"Ẹ pín ara yín ní méjì-méjì," ni olùkọ́ wí, ọkùnrin gbọọrọ kan tí kì í rẹ́rìn-ín. "Kí ẹnì kan dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnì kejì ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó dùbúlẹ̀ máa gun àpótí yìí, kó máa sọ̀ kalẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ tún kà á. Ẹni tí kò bá fún mi lésì lónìí, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ọmọbìnrin tó ṣe ìkejì rẹ̀ kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. "Mà, ẹ̀yin lẹ máa dùbúlẹ̀," ó ní. "Ẹ kúkú ti fẹ́ẹ̀ ṣubú."

Ó dùbúlẹ̀. Ọmọ náà fi ìka méjì lé ọrùn-ọwọ́ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ aago. Méjìdínláàádọ́rùn-ún. Kó tó kọ ọ́ tán, Màmá Kíláàsì ti ń hanrun.

Ẹ̀rín sọ. Ọmọbìnrin náà mì í léjìká títí, bí ẹni ń mi àpò ìrẹsì. Olùkọ́ sún mọ́ wọn. Ó wo ẹsẹ̀ wíwú náà, ó wo ọwọ́ tí ọṣẹ ti bó.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n máa kà á lọ."

Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Mọ́kàndínláàádọ́rin. Mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Nígbà tó jí, àwọn yòókù ti lọ. Ó fò dìde. "Èéṣe tó ò jí mi? Mo gbé!"

"Mo jí yín, mà. Òkú gbọ́ràn jù yín lọ." Ọmọ náà na ìwé sí i. "Ẹ wò ó. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá kí ọkàn yín tó gbà pé ẹ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

"Àpótí ṣì kù," ni olùkọ́ wí, kò gbójú sókè.

Ó gùn ún. Orúnkún rẹ̀ ń dún. Ní ìṣẹ́jú kejì ó fẹ́ dúró, ọmọ náà ní, "Ó ku díẹ̀, mà," ó sì ń bá a lọ. Nígbà tó parí, òun fúnra rẹ̀ di ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ mú, ó kà á: méjìlélógóje. Ó kà á síwájú sí i, ó ń retí kó rọ̀, kò tètè rọ̀. Ìgbà yẹn ni omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ara èmi náà rèé," ó ní.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni olùkọ́ wí jẹ́jẹ́. "Kọ oorun yẹn náà mọ́ ọn."

Ó yege, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló fi kọjá. Lọ́jọ́ Ajé, ó mú ìwé náà tọ ọ̀gá nọ́ọ̀sì lọ, ó ní kí wọ́n bá òun dín iṣẹ́ òru kù.

"Ta ni yóò wá fọ ilẹ̀?" ni ọ̀gá bi í.

"Mi ò mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo kà."

Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn. Nínú òru márùn-ún tó ń ṣe lọ́sẹ̀, wọ́n yọ méjì.