Ọwọ́ Tí Ìyá Àgbà Dì

Èèyàn mẹ́tàlélógún ló jókòó sórí àga onígi gígùn kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Mosúnmọ́lá ló sì gbẹ̀yìn. Ilé-iṣẹ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ni ibẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá, ẹni tí yóò máa ya àwòrán ilẹ̀, tí yóò máa fa ààlà láàárín oko ẹnì kan àti oko ẹnì kejì. Mosún ti fẹ́ràn ìlà fífà láti kékeré. Ọdún mẹ́ta ló ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, kò tíì ríṣẹ́ gidi kan ṣe, ó sì fẹ́ iṣẹ́ yìí gidigidi.

Ó ti lọ ẹ̀wù funfun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, áyọ́ọ̀nù sọ fún un pé ó tó, pé ẹ̀wù tí wọ́n bá lọ̀ jù a máa gbàgbé ara ẹni tó ni ín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ áyọ́ọ̀nù, ó sì fa wáyà rẹ̀ yọ.

Àwọn ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ń fi ohùn Àǹtí Bọ́sẹ̀dé ka ẹ̀kọ́. Àǹtí Bọ́sẹ̀dé ni àbúrò baba rẹ̀ tó gbà á sílé, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló sì ti fi ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́. "Kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì," ni ògiri apá ọ̀tún ń wí. "Kí wọn dáadáa. Má jókòó àfi tí wọ́n bá ní kí o jókòó." Ògiri apá òsì gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ọwọ́ ọ̀tún ni kí o fi gbé fáìlì fún wọn o. Ọwọ́ ọ̀tún! Má dójú tì mí." Àwọn tó jókòó ń mi orí, àfi bí ẹni pé Àǹtí Bọ́sẹ̀dé ló bí gbogbo wọn.

Ibẹ̀ ni Mosún ti rí i pé ọwọ́ òsì òun wà ní dídì. Àkísà pupa rúsúrúsú kan, tí wọ́n ya lára ògbólógbòó ìró Ìyá Àgbà, ni wọ́n fi wé e láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, tí wọ́n sì so ó mọ́ ìhà rẹ̀. Ó mọ àkísà náà. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, tó ń fi ọwọ́ òsì jẹun, tó ń fi ọwọ́ òsì kọ A B D sórí iyanrìn, òun ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí baba rẹ̀, fi ń dì í láràárọ̀. Bó bá ti ń ta kókó ni yóò máa wí pé, "Ọmọ àlè ní í fọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀." Mosún kọ́ láti fi ọ̀tún jẹun, ó kọ́ láti fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n òsì ló ń fi ya àwòrán ní kọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Bó ṣe ń yà á títí tó fi gba ìwé-ẹ̀rí nìyẹn, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò sì mọ̀.

"Tú mi," ni ọwọ́ náà wí.

"Dákẹ́," ni Mosún dá a lóhùn. "Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Bí wọ́n bá ní kí o fa ìlà ńkọ́? Ta ni yóò bá ọ fà á?"

Mosún fi fáìlì bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá, akọ̀wé tó ń pe orúkọ, jáde pẹ̀lú ìwé gígùn kan tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá pè yóò dìde, yóò tún kọ́là rẹ̀ ṣe, yóò wọlé. Kì í pẹ́ tí onítọ̀hún fi ń jáde, ṣùgbọ́n fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni yóò jáde, pẹlẹbẹ, kékeré, yóò yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Obìnrin kan ń fi ìgbálẹ̀ gbá wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà, ọkùnrin kan tó fi etí méjèèjì hàn gbangba bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, sọ fún Mosún pé, "Gbogbo ìbéèrè ni mo dáhùn. Wọn kò kàn rí mi ni." Obìnrin náà gbá a lọ.

Nígbà tó ku òun nìkan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ti di ilé ìdáná Ìyá Àgbà ní Ìgbájọ. Èéfín kún òkè àjà, àga onígi gígùn ti di àpótí kékeré kan. Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá lóṣòó lẹ́bàá ààrò, ó ń fi ìwé orúkọ fẹ́ iná.

"Mosúnmọ́lá Ọdẹ́kúnlé," ló wí láìgbójú sókè. "Ìwọ ló kàn. Nu ojú rẹ, èéfín ti wọ̀ ọ́ lójú."

Ó nu ojú. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wọlé.

Èèyàn mẹ́ta ló wà lẹ́yìn tábìlì. Àwọn ọkùnrin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ kóòtù, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ìyá Àgbà ló jókòó láàárín. Ọdún mọ́kànlá ló ti kú, Mosún wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín. Gèlè tí wọ́n fi sin ín ló wé, káàdì òṣìṣẹ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Mosún kúnlẹ̀. Táìsì ilẹ̀ náà rọ̀ lábẹ́ orúnkún rẹ̀ bí ilẹ̀ ẹ̀yìn òjò.

"Ẹ kú ìjókòó o, Ìyá Àgbà."

"Dìde," ni ọkùnrin àkọ́kọ́ wí. "Intafíù la wá ṣe."

Ìyá Àgbà wò ó bí ẹni wo àlejò. "Kí ni wọ́n ń pè ọ́, ọmọ mi?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Mosún wọ akínyẹmí ara. Ìyá yìí gan-an ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó dárúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbé fáìlì ka orí tábìlì. Fáìlì náà ṣí ara rẹ̀, ó rí i pé òfìfo ni òun, ìtìjú mú un, ó sì pa ara rẹ̀ dé. Ọkùnrin kejì ní kò ṣe nǹkan kan, pé ìwé kọ́ ni wọ́n ń wò.

Ó tẹ́ bébà kan sílẹ̀. Bébà náà gùn kọjá tábìlì, ó gba ojú fèrèsé jáde, ó ń lọ lórí òrùlé ìlú, kò dúró. "Fa ìlà kan," ni ọkùnrin náà wí, "láti ibi tí o dúró sí dé ilé baba rẹ. Kó gún. Bébà méjì péré la ní fún ọ."

Mosún mú pẹ́ńsùlù, ọwọ́ ọ̀tún ló fi mú un. Ọwọ́ òsì ń jà nínú àkísà bí adìẹ tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀. Ó fa ìlà. Ìlà náà gbọ̀n, ó tẹ̀, ó ya bàrà, ó wọ oko olóko. Láti ojú fèrèsé ló ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ògiri ilé kan tẹ̀ bí ìlà náà ṣe tẹ̀, ó sì ya sí méjì. Bàbá arúgbó kan jáde síta, ó rí i pé ìlà ti gba àárín yàrá òun kọjá, pé bẹ́ẹ̀dì òun ti di ti aládùúgbò. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Mosún ń bẹ̀ ẹ́ láti òkè, ṣùgbọ́n bàbá náà kò gbọ́.

"Ó ku ẹyọ kan," ni ọkùnrin àkọ́kọ́ wí. Ó ti ń mú fọ́tò Mosún jáde nínú dúrọ́ọ̀. Bí ó ṣe ń fà á jáde ni ìka ẹsẹ̀ Mosún ń di pẹlẹbẹ nínú bàtà.

Ẹ̀rù bà á gan-an. Bí ó bá tún fi ọ̀tún fa ìlà kejì, obìnrin onígbálẹ̀ ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ó bá sì tú òsì, lójú ẹni tó dì í ni yóò ti tú u, ilé baba rẹ̀ gan-an ni yóò sì fi júwe. Ta ló jẹ́ ṣe irú rẹ̀ níwájú òkú, pàápàá òkú tó ń gbani síṣẹ́?

"Ìyá," ló wí, "ẹ dákun, ẹ bá mi tú u. Ọ̀tún mi kò mọ ọ̀nà ilé. Òsì ló mọ̀ ọ́n."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo aago ọwọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Àgbà fa ọwọ́ òsì tirẹ̀ yọ lábẹ́ tábìlì. Àkísà wé e láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ó ti gbó débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di awọ ara. Kókó rẹ̀ kéré, irú èyí tí wọ́n ń ta sọ́wọ́ ọmọ ọdún márùn-ún.

"Tú tèmi ná," ló wí.

Mosún fi eyín tú u. Iyọ̀ àti èéfín ló ń tọ́ wò lẹ́nu. Àwọn ìka náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka ọmọdé ni wọ́n, wọ́n ń na ara bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ọwọ́ kékeré yẹn ni Ìyá Àgbà fi tú ti Mosún, kíá, láìwo kókó náà rárá. Omi wà lójú rẹ̀.

"Fà á," ló wí. "Wọ́n ń retí rẹ nílé."

Ó fà á. Ìlà náà gún. Ó gba fèrèsé jáde, ó yẹ̀ fún ilé bàbá arúgbó náà, ó kọjá lórí odò, ó gba àárín igi kòkó méjì láìkan ewé kan. Ó dé ilé baba rẹ̀ ní Ìgbájọ, ó sì kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Mosún gbọ́ kíkàn náà láti ibi tó dúró sí. Ẹnì kan ń bọ̀ wá ṣí i.

Ilẹ̀kùn ṣí, Àǹtí Bọ́sẹ̀dé ló dúró níbẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ̀wù funfun wà lórí ìṣó, aago méje ti kọjá, aago mẹ́sàn-án sì ni wọ́n ní kí wọ́n wá.

"Mosún, o ṣì ń sùn! O ò mọ̀ pé òní ni intafíù ni? Gba fáìlì rẹ, yẹ̀ ẹ́ wò kí n má baà gbọ́ pé o gbàgbé nǹkan kan."

Mosún dìde jókòó. Ó ti sùn lé ọwọ́ òsì rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sínú rẹ̀. Òun ló nà jáde láti gba fáìlì. Àǹtí Bọ́sẹ̀dé wo ọwọ́ náà, ó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mosún kò fà á sẹ́yìn.

"Àǹtí," ló wí, "ọwọ́ wo ni Ìyá Àgbà ń lò nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé?"

Fáìlì náà dúró láàárín àwọn méjèèjì. Àǹtí Bọ́sẹ̀dé bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹnì kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ?"